Ọjọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo "Gúúsù!" l'Ádó-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, èmi ni mo mú máìkì lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí a fi fíìmù aláìlóhùn òyìnbó kan hàn ní gbọ̀ngàn Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi lọ̀rọ̀ ti jáde, torí náà tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bú, ẹ má bú onígángan, ẹ má sì bú Ẹ̀gbọ́n tó ni gbọ̀ngàn. Wọ́n ti ń pín ìtàn yìí kiri lórí Wásáàpù, ẹnìkan ní a fi fíìmù bú àwọn ará òkè ọya, ẹlòmíì ní ìjà bẹ́ sílẹ̀, pé wọ́n ju àga. Kò sẹ́ni tó ju àga o. Àga ike ni gbogbo ẹ̀, méjì ti kán tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kọ síbí torí pé òótọ́ ẹ̀ dùn ju irọ́ tí wọ́n ń pa lọ, ó kàn jẹ́ pé èmi ló dùn jù.

Ẹ gbọ́ bí gbọ̀ngàn náà ṣe rí ná. Kì í ṣe sìnímá bí irú èyí tó wà nínú ilé ìtajà ńlá l'Ékòó, tí ẹ̀ẹ́ gun àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra ẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí nígbà kan rí ni, ní apá Ìjìgbò níbí, ògiri ẹ̀ nípọn, òrùlé ẹ̀ páànù, tí òjò bá ti rọ̀ pẹ́nrẹ́n ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi páànù. Bàbá Ẹ̀gbọ́n ló ni ín, ìgbà tí bàbá ṣaláìsí ni òun sọ ọ́ di ibi ìwòran. Pùrójẹ́kítọ̀ tokunbo kan, sípíkà méjì, aṣọ funfun tí télọ̀ rán pọ̀ mọ́ra tí a nà sára ògiri, àga bí ọgọ́ta. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀lù ló ń ra epo, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, fíìmù ni. Ọjọ́bọ̀ la mú torí pé bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn ò sì tíì lọ òkú, ẹ̀yin náà ṣáà mọ Èkìtì, tó bá ti di Fúráìdé báyìí gbogbo ẹni tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ti wà lábẹ́ kánópì níbì kan.

Fíìmù tí Ẹ̀gbọ́n sì máa ń mú, ẹ ò lè rí i níbòmíì. Fíìmù Íńdíà tí kò lórin (bẹ́ẹ̀ ni, ó wà). Fíìmù tó jẹ́ pé àgbàlagbà kan ló kàn ń tún ilé ẹ̀ ṣe fún wákàtí kan ààbọ̀. Oṣù tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, èèyàn mọ́kànlá ló wá, mẹ́ta nínú wọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n ni, wọn ò san kọ́bọ̀. Ẹnìkan sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tí a jí i ó ní fíìmù yẹn dáa gan-an. Jẹnẹrétọ̀ ò sì mọ̀ pé mọ́kànlá la jẹ́, iye epo tó ń mu tí ilé bá kún náà ló ń mu, àti pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023 ni epo ti kúrò ní nǹkan tí èèyàn ń rà láìronú. Ẹ̀gbọ́n ní tí oṣù tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, òun á fi Ọjọ́bọ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ máa ṣe àdúrà níbẹ̀, wọ́n ti wá bá òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan kan tí mo fẹ́ràn nípa Ẹ̀gbọ́n ni pé kì í fi fíìmù tí wọ́n jí dà kọ han èèyàn. Bàbá ẹ̀ wà lára àwọn tó wo Ọ̀run Móoru ti Baba Sala nígbà tó jáde lọ́dún 1982, ó sì sọ fún un bí àwọn tó jí fíìmù yẹn dà kọ ṣe sọ ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín di onígbèsè. Torí náà tí Ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fi fíìmù kan hàn á kọ lẹ́tà sí olówó ẹ̀. Àwọn míì á ní kò burú, ẹ kàn sọ iye èèyàn tó wá fún wa. Àwọn míì á dá iye owó tó lè ra páànù tuntun fún gbogbo gbọ̀ngàn, wọ́n á sì dá a ní dọ́là. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí fíìmù ayé àtijọ́. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, tí fíìmù bá ti lo àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n gbé e jáde, ó ti di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni lè fi hàn. Àmọ́ ibì kan wà tó máa ń mú èèyàn lẹ́sẹ̀: fíìmù aláìlóhùn tí ẹ rí tó mọ́ tónítóní yẹn, orin tó wà lábẹ́ ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ẹnìkan tó wà láyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sí i, orin yẹn sì ní olówó. Ìyẹn ni pé kí a pa ohùn ẹ̀ rá. Tí a bá sì pa á, kí ni àwọn èèyàn Adó máa gbọ́ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Jẹnẹrétọ̀?

Bí onígángan ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí èmi náà ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Fíìmù tí a mú ni The General ti Buster Keaton, ọdún 1926. Awakọ̀ ojú irin kan, Johnnie Gray, nǹkan méjì ló fẹ́ràn láyé, ọkọ̀ ẹ̀ àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Annabelle Lee. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀, ogun Àríwá àti Gúúsù ilẹ̀ wọn, 1861 sí 1865 yẹn, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti wọ sójà Gúúsù, wọn ò gbà á torí pé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń wà wúlò fún wọn jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ọmọbìnrin náà sì rò pé ojo ni. Nígbà tó yá àwọn amí láti ẹ̀gbẹ́ kejì jí ọkọ̀ náà gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin náà nínú ẹ̀. Ó lé wọn, ó fẹsẹ̀ lé wọn, ó fi kẹ̀kẹ́ lé wọn, ó fi ọkọ̀ ojú irin míì lé wọn, ó gba ọkọ̀ àti ìyàwó padà, àwọn náà wá ń lé e bọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lílé àti ìléǹlé ni, ó sì dùn bíi kí á kú.

Ohun tó jẹ́ kí n rò pé ó máa wọ̀ níbí ni pé Èkìtì ò ní ojú irin, títí dòní. Rélùwéè gbéra l'Ékòó, ó gba Ìbàdàn, ó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ó kọjá sí Ọ̀fà, ó lọ tiẹ̀ sókè, ó fi wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn bàbá wa tó fẹ́ wọ ọ́, Òṣogbo ni wọ́n ń lọ bá a. Torí náà ọkọ̀ ojú irin fún wa jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ nínú ìtàn, fàkàfìkì fàkàfìkì tí àwa ọmọdé ń fi ẹnu ṣe láìtíì rí i rí.

Ti pé kí èèyàn dúró máa fi ẹnu sọ fíìmù, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ní Japan láyé fíìmù aláìlóhùn, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní benshi, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, wọ́n á máa sọ ìtàn, wọ́n á ṣe ohùn ọkùnrin, wọ́n á ṣe ohùn obìnrin, àwọn míì tìtorí benshi ni wọ́n ṣe ń sanwó wọlé, kì í ṣe tìtorí fíìmù. Ẹ sì wá wò ó, Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé The General yìí jáde, ní 31 December 1926, kó tó dé New York lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní Uganda ńkọ́? Àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi Luganda túmọ̀ fíìmù òyìnbó, wọ́n á bú ọ̀daràn, wọ́n á gba akọni níyànjú, wọ́n á fi ti àdúgbò kún un. Mo fi han Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ìwọ ni kóo ṣe é o, mi ò ní owó èèyàn méjì."

Onígángan gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, a san mẹ́jọ sílẹ̀. Àgbàlagbà ni, ìnáwó ló ń lù káàkiri Ajílósùn àti Bàsírì, kò wo fíìmù aláìlóhùn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì la jókòó wò ó lórí lápútọ́ọ̀pù. Ó bi mí pé ta ni òun máa kì nínú gbogbo àwọn òyìnbó wọ̀nyí, mo ní ẹ ò ní kì wọ́n sà, ọkọ̀ ni kí ẹ máa bá rìn. Ó ní "Tí kò bá sẹ́ni tí mò ń kì, ta ló máa nawó fún mi?" Mi ò ní èsì.

Èmi náà jókòó, mo kọ ohun tí mo máa sọ sínú ìwé, láti inú àkọlé òyìnbó tó ń yọ láàárín fíìmù. Ibi tí wọ́n bá ti kọ North mo kọ Àríwá, ibi tí wọ́n bá ti kọ South mo kọ Gúúsù. Mi ò ronú rárá, kí ni ǹ bá tún kọ? Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dáa ni, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, láti nǹkan bí aago mẹ́fà, onígángan ti ń lu ìlù bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Fájuyì, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, àwọn ìyá tó ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa ń béèrè pé ìyàwó wo ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó fi máa di aago méje àga ti tán, àwọn kan jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn kan dúró. Ìyá ẹlẹ́pà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Màlámù onísúyà tó máa ń wà níwájú gbọ̀ngàn gbé ààrò ẹ̀ súnmọ́ fèrèsé kó lè máa wò ó láti ìta, ó ti pẹ́ níbí, Yorùbá tó ń sọ dáa ju ti àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n lọ.

A bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò dáa. Mò ń sọ̀rọ̀ jù, onígángan ń kì Ẹ̀gbọ́n, ó ń kì ọkùnrin kan tó wọ agbádá níwájú, ọkùnrin náà sì dìde nawó fún un tó jẹ́ pé orí ẹ̀ ló bo ojú Buster Keaton. Ìgbà tí ọkọ̀ wá gbéra báyìí, bàbá kan láti ẹ̀yìn pariwo, "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀!" Bàbá náà ti ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè rí, l'Ọ́fà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lo èédú. Ó ní ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra kì í yára lu bẹ́ẹ̀ yẹn, ó máa ń mí ni, ó máa mí lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á tún mí. Ó fi ẹnu ṣe é: "Fáààà... kà. Fììì... kì." Onígángan gbọ́ ọ, ó fún okùn ìlù pọ̀, ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe ṣe é. Gbogbo ilé dákẹ́. Bí táyà irin yẹn ṣe ń yí lójú aṣọ ni ìlù ń yí, ó ń yára díẹ̀díẹ̀, fàkà, fìkì, fàkà, fìkì, fàkàfìkì fàkàfìkì, títí tí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lẹ́nu, títí tí ìyá ẹlẹ́pà fi ń mirí sí i. Mo ti wo fíìmù yẹn nígbà márùn-ún nílé, mi ò tíì rí i rí títí di ìṣẹ́jú yẹn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́.

Àmọ́ máìkì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn amí jí ọkọ̀ gbé, mo wá kà á bí mo ṣe kọ ọ́: "Àwọn ará Àríwá ti jí ọkọ̀ ọmọ Gúúsù gbé o!" Ẹ ò rí i bí ilé ṣe gbiná. Ẹnìkan ní "Hẹn! Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀!" Ẹ̀rín sọ. Ẹlòmíì kígbe "Gúúsù!" Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn gbè é, "Gúúsù! Gúúsù!" Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa Amẹ́ríkà mọ́, Nàìjíríà ni wọ́n ń wò, ọ̀rọ̀ ìdìbò, ọ̀rọ̀ ta ló kàn, gbogbo ẹ̀ ti wọnú ọkọ̀ ojú irin. Mo sì máa jẹ́wọ́ níbí torí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, mo wá ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí àkọlé ò ti sọ nǹkan kan mò ń sọ Gúúsù. Ibi tí Johnnie ṣubú, mo ní "Ọmọ Gúúsù kì í ṣubú kó má dìde!" Èmi tí èèyàn mọ́kànlá ń sùn lójú ẹ̀ lóṣù tó kọjá, báyìí ilé ń dáhùn mi. Ó ń dùn mọ́ mi ju fíìmù lọ.

Màlámù onísúyà yọjú lójú fèrèsé, ó ní "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé èmi lẹ ń lé ni?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní "Màlámù, gbé ọkọ̀ wa wá!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n sọ ọ́, Màlámù ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó yí padà sídìí ààrò ẹ̀. Mo rí i. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ibì kan wá wà tí fíìmù fúnra ẹ̀ gbìyànjú láti gbà mí. Johnnie dé ilẹ̀ ọ̀tá, ó jí aṣọ sójà wọn wọ̀ kí wọ́n má bàa dá a mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn dàrú, "Àríwá ni àbí Gúúsù ni ó jẹ́ báyìí?" Ẹ sì gbọ́ o, ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ju àwàdà lọ. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà ní Oregon, àwọn bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọmọ ogun ìpínlẹ̀ yẹn ni wọ́n kó wá ṣe sójà, wọ́n á wọ aṣọ Àríwá, wọ́n á sáré lọ sápá kan, wọ́n á pààrọ̀ sí aṣọ Gúúsù, wọ́n á sáré padà. Èèyàn kan náà ló ń bá ara ẹ̀ jà. Mo mọ èyí kí n tó mú máìkì, ó wà nínú ìwé tí mo kọ, mi ò sọ ọ́ torí mi ò fẹ́ kí ariwo rọ̀.

Afárá wá dé. Ẹni tó bá ti wo fíìmù yìí mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ àwọn tó ń lé e gun orí afárá tó ti ń jóná, afárá já, ọkọ̀ ojú irin gidi, kì í ṣe ìṣeré ọmọdé, ó wó sínú odò tòun tèéfín ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yà á. Irin yẹn wà nínú odò níbẹ̀ títí di ìgbà ogun Hítílà kí wọ́n tó lọ kó o tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Onígángan ò lu nǹkan kan níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí awọ. Bàbá Rélùwéè dìde dúró, ó ní "Áà! Irú ọkọ̀ yẹn!" bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Bí epo ṣe tán nínú jẹn nìyẹn. Uná ti lọ o, ìyá kan ké láti ẹ̀yìn. Iná ìjọba ti lọ láti ọ̀sán, kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sáré lọ wá jálá. Òkùnkùn ṣú, èéfín súyà ń wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń pa "Gúúsù" lẹ́nu bí orin.

Nínú òkùnkùn yẹn ni ohùn obìnrin kan ti jáde, kò pariwo. Ọmọ iléèwé ni, ó ń kọ́ ìtàn ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, èyí tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ẹ dákun ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, Gúúsù tí ẹ ń pariwo yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó ń jà fún?" Ẹnìkan ní ọkọ̀ ẹ̀ ni. Ó ní rárá, ogun ẹrú ni. Ó ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ya kúrò torí wọ́n fẹ́ máa ní ẹrú lọ, àwọn èèyàn tó dúdú bíi tiwa ló ń gé òwú nínú oko wọn, òmíràn nínú wọn á ti jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó láti ibí. Ó ní àwọn tó jí ọkọ̀ yẹn lóòótọ́, lóṣù kẹrin 1862 ní Georgia, sójà ìjọba àpapọ̀, ti Àríwá nìyẹn, pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n so mẹ́jọ kọ́. Ọ̀kan lára àwọn tó yè kọ ìwé, inú ìwé yẹn ni Keaton ti rí ìtàn yìí, ó kàn yí i padà kí ẹni tó jẹ́ ọ̀tá nínú ìwé di akọni. Keaton fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé àwọn tó ń wo fíìmù ò ní gbà kí òun fi ará Gúúsù ṣe ọ̀daràn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àwa ọmọ Èkìtì Parapọ̀ là ń pàtẹ́wọ́ fún wọn o."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Kírìjí, 1877 sí 1893, ogun tí àwọn bàbá wa jà torí pé àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń jẹ wọ́n run, wọ́n ń kó ọmọ wọn, wọ́n ń kó ìyàwó wọn, wọ́n ń tà wọ́n. Òkè-Ìmẹ̀sí tí Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ ò jìnnà síbí. Kò sí ilé kan l'Ékìtì tí kò ní ẹni tí wọ́n kó lọ tí kò bọ̀.

Ilé pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ìjà lórí Wásáàpù. Ọkùnrin alágbádá ní fíìmù ni, ẹ̀rín la wá rín, kí ló kàn wá nípa ẹrú òyìnbó. Ìyá ẹlẹ́pà ní ẹrú òyìnbó kọ́, ẹrú tiwa ni. Bàbá Rélùwéè ní awakọ̀ yẹn kò lẹ́rú nínú gbogbo ohun tí a rí, ọkọ̀ ẹ̀ ló ń wá, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni sà, àmọ́ ta ló ń gbé igi tí ọkọ̀ yẹn ń jó, ta ló tẹ́ ojú irin yẹn sílẹ̀, kí ló dé tí a ò rí wọn? Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò tíì rí ẹni tó dá a lóhùn níbí. Ẹnìkan ní kí a dá owó òun padà. Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú jálá lọ́wọ́ láàárín gbogbo èyí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń bi mí pé "Kí lo sọ? Kí lo sọ fún wọn?"

Iná dé. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mú máìkì, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo wo onígángan, ó ti gbé gángan sílẹ̀ sórí itan ẹ̀, ó ní "Mi ò lù fún wọn mọ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bí a ṣe wo ìparí nìyẹn, láìsí ìlù, láìsí ohùn, jẹ́nẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé. Wọ́n sọ Johnnie di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gúúsù, ó jókòó lórí irin ọkọ̀ ẹ̀, ó fẹ́ fẹnu ko ọmọbìnrin náà lẹ́nu àmọ́ àwọn sójà ń kọjá, gbogbo wọn ń kí i, ó gbọ́dọ̀ máa dá wọn lóhùn, ó wá ń fẹnu ko ìyàwó ó sì ń fi ọwọ́ kan kí sójà. Ó yẹ kí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n tó kéré jù ló rẹ́rìn-ín, òun nìkan.

Mo lọ bá Màlámù kí gbogbo èèyàn tó jáde tán. Mo ní ẹ má bínú. Ó ní kí ni mo ṣe? Mo ní ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ti tà tán, òun ò bínú, àmọ́ kí n má pe òun ní Àríwá mọ́, Ìjìgbò ni òun ń gbé.

Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Tiẹ̀ ni pé ìtumọ̀ mi ló ba nǹkan jẹ́, ká ní mo sọ pé "àwọn tó jí ọkọ̀" àti "àwọn tí wọ́n jí ọkọ̀ wọn" ni, gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín lọ sílé. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ Gúúsù ló dáná sí i. Àmọ́ èmi ò rò pé ó tán síbẹ̀, torí ká ní mo tún un sọ dáadáa, a ò ní mọ̀ pé a ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, a ó kàn pa á ni. Mi ò sì gbà pé kí a má fi fíìmù yẹn hàn mọ́, bí ẹlòmíì ṣe ń sọ. Bàbá Rélùwéè ní òun fẹ́ rí ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú.

Torí náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, a tún un ṣe. Èèyàn ò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ó tó bí ọgbọ̀n, ọkùnrin alágbádá ò wá. Ọmọbìnrin EKSU yẹn ló kọ́kọ́ mú máìkì, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sọ ogun náà, ó sọ ẹrú, ó sọ àwọn mẹ́jọ tí wọ́n so, ó sọ àwọn ọmọ ogun Oregon tó ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀rín sọ níbi aṣọ. Èmi wá mú un lẹ́yìn náà, mi ò sọ Àríwá, mi ò sọ Gúúsù, mi ò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Onígángan ti sọ tiẹ̀ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ nìkan ni òun máa lù fún. Tí ọkọ̀ bá ń rìn ìlù á máa rìn, tí àwọn sójà bá ti yọ, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n jẹ́, á gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe rí. Ogun á máa jà lójú aṣọ láìsí ohùn rárá, ìbọn á máa tú èéfín, èèyàn á máa ṣubú, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣe ń jẹ ẹ̀pà, ọkọ̀ á wá yọ láti ibi kọ̀rọ̀, fàkà, fìkì, gbogbo ilé á mí.

Màlámù wò ó láti ojú fèrèsé títí dé òpin. Lẹ́yìn fíìmù ó bi ọmọbìnrin yẹn pé ogun tí wọ́n jà ní ilẹ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ṣé ẹnìkan ti ya ìyẹn náà ní fíìmù? Wọ́n dúró síbẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́, mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, mò ń kó àga.

Àwọn aládùúrà ti tún wá bá Ẹ̀gbọ́n nípa Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún. Onígángan náà ti pè mí lánàá, ó ní òun ò gbàgbé ẹgbẹ̀rún méjì tó kù nínú ti àkọ́kọ́, pé ti pé òun ò lù ní ìparí kò ní kí a má san án, ibi tí òun dákẹ́ yẹn gan-an ló le jù nínú iṣẹ́ náà.